Wax melts àbí àbẹ́là olóòórùn: ẹ kọ́kọ́ wo fáànù yín ná

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu, torí gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ mi ló ń bi mí pé kí ló ń ta sánsán báyìí, tí mo bá ti ní wax melts ni, ìbéèrè kejì náà ni pé kí ló dé tí mi ò kúkú tan àbẹ́là olóòórùn, àwọn tí wọ́n máa ń kó wá láti London nínú ìgò, tó ń rẹwà lórí tébù. Èsì mi ò gùn rárá: tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn, ẹ má tan àbẹ́là síbẹ̀. Àlàyé ẹ̀ ló gùn, òun ni mo fẹ́ ṣe lónìí.

Fún ẹni tí ò tíì rí wax melts rí, ìda lásán ni, irú ìda kan náà tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, wọ́n ti po òróró olóòórùn mọ́ ọn, àmọ́ kò ní òwú nínú. Kéékèèké ni wọ́n máa ń ṣe é, bíi súgà onígun tá à ń jù sínú tíì. Ẹ máa ju ẹyọ kan tàbí méjì sínú abọ́ orí warmer, ìyẹn ohun èlò tó ń mú un gbóná, abọ́ á gbóná, ìda á yọ́, òórùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìda ò jóná o, kò sì ń dín kù, òróró tó wà nínú ẹ̀ nìkan ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, abọ́ ṣì kún bó ṣe wà àmọ́ ẹ ò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé wọ́n ta gbàrọgùdù fún òun, kò rí bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Warmer náà oríṣiríṣi ni, ó lẹ́yìí tó ní irin pẹlẹbẹ tó ń gbóná lábẹ́, ó lẹ́yìí tó jẹ́ gílóòbù kékeré ló ń mú un gbóná, ó sì lẹ́yìí tí ò lo iná mànàmáná rárá, abọ́ amọ̀ ni, ẹ máa gbé tealight, àbẹ́là kékeré pẹlẹbẹ, sábẹ́ ẹ̀. Màá padà sórí ìyẹn.

Àbẹ́là ní tiẹ̀, iná gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Iná orí òwú ń yọ́ ìda tó wà lábẹ́ ẹ̀, òwú ń fa ìda yíyọ́ yẹn sókè díẹ̀díẹ̀, tó bá dókè ó ti gbóná débi pé á di oru, oru yẹn ló ń jó. Òórùn tẹ́ ẹ ń gbọ́, inú adágún ìda yíyọ́ tó yí òwú ká yẹn ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń jáde. Torí náà gbogbo iṣẹ́ àbẹ́là olóòórùn dúró lórí nǹkan méjì, kí iná ẹ̀ dúró ṣinṣin, kí adágún yẹn sì fẹ̀ dé etí ìgò yíká.

Ẹ wá gbé ìyẹn wá sí Ìbàdàn, nínú oṣù kẹta, tí oòrùn ti sun páànù láti àárọ̀. Ta ló fẹ́ pa fáànù nítorí àbẹ́là? Fáànù ń fẹ́, iná ń tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún, kò jó tán bó ṣe yẹ, ohun tí ò jó tán yẹn ló ń di èéfín dúdú tẹ́ ẹ̀ ń rí lẹ́nu ìgò. Ẹ lọ wo àbẹ́là tí wọ́n tàn lábẹ́ fáànù, ẹ̀gbẹ́ kan ìgò á ti dúdú kirikiri, ẹ̀gbẹ́ kejì á mọ́, ìda ibi tí iná tẹ̀ sí á ti yọ́ wálẹ̀, tòdìkejì á ṣì ga gẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ibi tí èéfín yẹn ń lọ tí ẹ ò bá rí i lára ìgò, àjà ilé ni, àti kọ́tìnì funfun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mi ò sọ pé àbẹ́là burú o. Ibi tí atẹ́gùn ò sí ni wọ́n ṣe é fún, ìlú òtútù tí wọ́n ti ń ti fèrèsé pa fún oṣù mélòó kan, àwọn ló ni ìgbádùn ẹ̀.

Ohun mìíràn tó tún ń pa àbẹ́là níbí ni bá a ṣe ń lò ó. Àlejò ń bọ̀, a tàn án, àlejò jókòó díẹ̀, a fẹ́ ẹ pa. Ìda, ibi tó bá yọ́ dé nígbà àkọ́kọ́ ló máa ń fẹ́ yọ́ dé nígbà tó kù. Tẹ́ ẹ bá pa á nígbà tí adágún ò tíì dé etí ìgò, ọjọ́ kejì ààrin náà ló máa yọ́, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀, títí á fi di kòtò, òwú á rì sísàlẹ̀, ìda tó pọ̀ jù á kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìlò, ẹ sì ti sanwó ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó jó tó bíi wákàtí kan fún íńṣì kọ̀ọ̀kan tí ẹnu ìgò fẹ̀, ìyẹn ni pé ìgò tó fẹ̀ tó íńṣì 3, wákàtí mẹ́ta gbáko lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ sì gé òwú sí bíi mìlímítà 6 kẹ́ ẹ tó tàn án, gbogbo ìgbà o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, torí òwú gígùn ló ń fa iná gíga, iná gíga ló ń fa èéfín. Kó má sì ju wákàtí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ráyè jókòó ti nǹkan tó ń jó fún wákàtí mẹ́ta nínú ilé tí ọmọ kékeré wà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wax melts ṣe rí lọ́dọ̀ mi. Ọ̀sán Sátidé ni ilé mi máa ń nílò ẹ̀ jù, torí ọjọ́ yẹn ni mo máa ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀, irú á ti bá epo jó, pańla á ti fi òórùn ẹ̀ sínú àga, ẹja díndín á ti dé yàrá tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ din ẹja níbẹ̀. Mo fẹ́ràn òórùn irú nínú ọbẹ̀, n kàn ò fẹ́ kó bá mi sùn ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé màá ṣí gbogbo fèrèsé, màá jẹ́ kí fáànù lé òórùn yẹn jáde ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí o, torí tẹ́ ẹ bá gbé òórùn dídùn lé orí òórùn ẹja, kò ní pa á, ẹ̀kẹta ló máa bí, ẹ̀kẹta yẹn ò dáa rárá. Tí afẹ́fẹ́ bá ti yí padà ni màá tó tan warmer. Mo fẹ́ràn èyí tó ní òórùn ewé tíì, ìyẹn lemongrass, fún ọjọ́ báyìí. Tí mo bá ju ẹyọ kan sí i, màá rí i tí ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ máa dán, á wá rọra máa yọ̀ kiri lórí abọ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á rọ̀, á tẹ́, ààrin nìkan ló máa kù bí erékùṣù kékeré, kí n tó fi nu tébù tán á ti di omi tó mọ́ gaara, òórùn á sì ti gba pálọ̀ dé ọ̀nà yàrá. Fáànù ń ṣiṣẹ́ lọ ní gbogbo àkókò yìí o! Kò dí i lọ́wọ́, ó tiẹ̀ tún ń bá a pín òórùn káàkiri ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbà pé òun ló bá ilé wa mu.

Ẹ máa ní, "NEPA ńkọ́?" Òótọ́ ni, tí ò bá síná, warmer oníná ò wúlò. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rù. Wọ́tì 25 ni tèmi. Tí mo bá tàn án fún wákàtí mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì kan ló jẹ. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn tàwọn tó ń rí iná jù lójúmọ́, lọ sí náírà 225 fún yúnìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024 tí gbogbo ìlú ń pariwo, wákàtí mẹ́rin yẹn ò ju náírà 22 àti kọ́bọ̀ 50 lọ. Mi ò mọ àbẹ́là tẹ́ ẹ lè fi ìyẹn rà, àní àbẹ́là funfun lásán. Ẹni tó sì ní inverter, kékeré lọ̀rọ̀ ẹ̀, kò tó ìdajì ohun tí fáànù ńlá ń jẹ. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ìda á kàn dì padà nínú abọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, tí iná bá dé á yọ́, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá a dé. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá: ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó jáde nílé, tàbí tí iná bá ti lọ tẹ́ ẹ sì ń lọ sùn, torí iná lè dé nígbà tí ẹnì kankan ò sí nítòsí, iná tó bá sì dé tagbáratagbára ló máa ń jó gílóòbù.

Abọ́ amọ̀ tó ń lo tealight ńkọ́? Àárín méjèèjì ló wà. Kò bèèrè iná NEPA, tealight kan máa ń jó tó bíi wákàtí mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà sì ń dí atẹ́gùn díẹ̀. Èyí tí ò ní òórùn ni kẹ́ ẹ rà fún un, òórùn méjì á bá ara wọn jà. Àmọ́ iná ni iná ń jẹ́. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa àbẹ́là, ó kan òun náà.

Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí, torí ilé wa ni mò ń sọ, kì í ṣe ilé inú fóònù. Púpọ̀ nínú wa, inú kíṣìnnì ni sìlíńdà gáàsì wà, kíṣìnnì yẹn sì ṣí sí pálọ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò, kì í gòkè, ilẹ̀ ló máa ń rá sí, á máa wọ́ lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, abẹ́ àga, títí á fi bá iná pàdé. Gáàsì fúnra ẹ̀ ò sì ní òórùn tó pọ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ po ohun kan tí wọ́n ń pè ní ethyl mercaptan mọ́ ọn, òun ló ń rùn bí ohun tó ti bàjẹ́ yẹn, kí imú wa lè tètè fura. Ẹ wá wò ó, tẹ́ ẹ bá fi òórùn fànílà kún kíṣìnnì bámúbámú, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà fún yín lẹ ti bò lójú. Torí náà, nínú kíṣìnnì mi, kò sí àbẹ́là, kò sí wax melts, kò sí nǹkan kan. Fèrèsé ni. Pẹtiróòlù tá à ń gbé pamọ́ fún jẹnẹrétọ̀ náà nìyẹn, oru ẹ̀ wúwo bákan náà, ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó má gbèrò àbẹ́là rárá, kó tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn jáde ná. Ẹ sì rántí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Mo mọ àwọn tó ń gbé àbẹ́là sórí sítúùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí nẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Kẹ́ ẹ má rò pé wax melts ò ní ewu tiẹ̀. Ìda yíyọ́ gbóná, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn lè fa wáyà warmer kó dà á sára, torí náà òkè ni tèmi ń gbé, wáyà ẹ̀ sì gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọ̀ àti òórùn ẹ̀ tún máa ń jọ midinmíìdìn lójú ọmọ, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe bíi ọkàn tàbí bíi èso, ẹ má gbé e síbi tí ọwọ́ wọn á ti tó o.

Àbẹ́là náà ní ibi tó ti jẹ́ ọ̀gá. Balùwẹ̀ ni. Kò sí fáànù níbẹ̀, ilẹ̀kùn tì, ibẹ̀ kéré, tí mo bá fẹ́ wẹ̀ tí mi ò fẹ́ kánjú, mo máa ń tan kékeré kan sórí táìlì, níbi tí tówẹ̀lì ò ti lè kàn án, inú mi á sì balẹ̀, torí iná tó ń jó jẹ́ẹ́ ní ohun tó ń ṣe fún ojú tí warmer ò lè ṣe láéláé. Tí iná bá sì lọ ní alẹ́ tí ooru mú, tí fáànù ti dúró fúnra ẹ̀, àbẹ́là ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Ó tún dáa láti fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ, wax melts ò ní iyì lójú ẹni tí ò ní warmer. Ìyá ọkọ mi nìkan ni àbẹ́là ọ̀sán ò yé. Ọmọ ìjọ aṣọ funfun ni wọ́n, àbẹ́là àti tùràrí ò ṣàjèjì sí wọn, ìyẹn ló tiẹ̀ fà á, wọ́n wọlé lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i lórí tébù, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyàwó mi, àdúrà kí lẹ̀ ń gbà? Ẹ ò jẹ́ kí n bọ́ bàtà." Wọ́n sì bọ́ ọ lóòótọ́. Mo ní, "Màmá, òórùn la tàn án fún, ẹ jókòó mà." Wọ́n ní òórùn wo ló wá dà bíi tùràrí?

Mi ò bá wọn jiyàn, torí tùràrí ní ipò tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ sí Sábó níbí, ẹ máa rí oríṣiríṣi, igi tí wọ́n ti rẹ sínú lọ́fíńdà, èyí tó lọ́ra, èyí tó gbẹ, tí wọ́n ń jù sórí ẹyin iná. Àwọn obìnrin Maiduguri ló gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yẹn. Tó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́ kó ní òórùn, aṣọ ọdún Iléyá tàbí gèlè tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ òde, wax melts ò lè súnmọ́ tùràrí, èéfín ẹ̀ ń wọ inú òwú aṣọ, kì í sì í tètè kúrò. Àmọ́ èéfín náà ni ìṣòro ẹ̀ nínú flat tí fèrèsé ẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹni tó ní ikọ́ fée nílé, kó ṣọ́ra fún gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pátá, torí wax melts ò ní èéfín lóòótọ́, àmọ́ òórùn fúnra ẹ̀ lè rú ikọ́ fée sókè. Ẹni tó sì ń sin ológbò, kó yẹra fún òróró olóòórùn tí wọ́n ń pè ní tea tree oil, kò dáa fún wọn rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ rírà. Àwọn kan máa ń pariwo pé paraffin ni májèlé, pé soy nìkan ló dáa, torí inú epo rọ̀bì ni paraffin ti ń wá, ti soy sì jẹ́ òróró ẹ̀wà sóyà. Lójú tèmi, òwú gígùn àti fáànù ń da èéfín sílé ju irú ìda lọ. Soy tètè ń yọ́, bíi 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò nílò warmer tó gbóná jù, ìyẹn dáa, àmọ́ ẹ má fi í sínú mọ́tò lábẹ́ oòrùn o, ẹ máa bá a nílẹ̀ mọ́tò ni. Ẹ bi ẹni tó ń ta á pé òróró olóòórùn tó po mọ́ ọn tó mélòó, àwọn tó mọṣẹ́ sábà máa ń fi 6 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n bá sì lo soy, wọ́n á jẹ́ kó sinmi tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí wọ́n tó tà á. Ẹni tí ò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ ra ẹyọ kan péré dán wò. Ẹ má sì gbára lé òórùn tẹ́ ẹ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, òórùn tútù àti òórùn gbígbóná kì í ṣe ọ̀kan náà, ó lẹ́yìí tó máa dùn lọ́wọ́ tó jẹ́ pé tó bá yọ́ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ní ti àbẹ́là, ẹ wo àárín òwú, tí irin bá wà nínú ẹ̀, ẹ fi irin yẹn ha bébà funfun, tó bá fàlà bíi ti pẹ́ńsù, òjé ni, ẹ má tàn án. Amẹ́ríkà ti fòfin de òwú olójèé látọdún 2003, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọjà tó ń wọlé wa lẹni kan ń yẹ̀ wò.

Tí òórùn bá ti tán nínú wax melts, ẹ má da á sínú sínkì láé, á lọ dì sínú páìpù, owó plumber ló máa kàn. Ẹ jẹ́ kó dì dáadáa, ẹ tan warmer fún ìṣẹ́jú kan péré kí ìdí ẹ̀ lè tú, ẹ pa á, ẹ fìka tì í, á yọ lódidi, ẹ sọ ọ́ sínú dọ́ọ̀sìbíìnì. Tó bá ṣì jẹ́ omi, ẹ fi òwú gbígbẹ tàbí tíṣù mú un.

Ní báyìí, èyí tó wà lórí warmer mi ni ewé tíì tí mo sọ yẹn, fànílà kan wà ní dúrọ́ọ̀ fún àsìkò òjò. Èyí tí mo ń wá tí mi ò tíì rí ni wax melts tó ní òórùn efinrin gidi, ewé efinrin tá a mọ̀ o, kì í ṣe basil inú ìgò. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń ṣe é, ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ juwe ẹ̀ fún mi.